Òtútù Tí A Fi Sílẹ̀ Lórí Òkè

Ó rẹ Sẹ̀kínátù. Kì í ṣe àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn sí kí ó lọ. Àárẹ̀ tó ti wọ eegun ni, tó ti di ará ilé, tí a kì í béèrè ìgbà tó dé mọ́. Iyọ̀ ni obìnrin yìí ń tà. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́lé sí Odode nísàlẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó dáa jù ṣì jókòó pa sórí Òkè Ìdànrè, wọ́n ní àwọn kò lọ síbì kankan. Ẹni tí kò bá sì lọ, yóò jẹun. Ẹni tí yóò bá jẹun, yóò fi iyọ̀ sí i. Nítorí náà ni ìyá tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún ṣe ń ru igbá iyọ̀ gun àtẹ̀gùn òkè náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Ní ọdún tó kọjá, orí òkè yẹn náà ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Sàláhúdéènì, oníṣòwò aṣọ tó ti Ìwó wá. Ikú ọmọ ló lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Rísíkàt, ọmọ kan ṣoṣo tí Sẹ̀kínátù bí, ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lórí òkè, nítorí pé Sàní ọkọ rẹ̀ kì í gbélé: obì ló ń rà káàkiri ọ̀nà Ọ̀wẹnà. Lásísì ni wọ́n sọ ọmọkùnrin náà. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Imú ọmọ kọ́kọ́ dí, lẹ́yìn náà ó ń húkọ́, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀ ń sọ kùlà bíi ti ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Ogún ọjọ́ péré ló lò láyé.

“Òtútù òkè yìí ló pa á,” ni Sàláhúdéènì wí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́, ta ni kò mọ̀ pé òtútù òkè kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ tuntun? Kí ọyẹ́ tó tán, ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó ilé rẹ̀ wá sí Odode.

Ní báyìí, Rísíkàt tún ti bímọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odode. Obìnrin ni, Àwáwù ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Sàláhúdéènì fi pákó kan fèrèsé yàrá ọmọ pa, ó gbé ìkòkò ẹyin iná síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ní kí wọ́n fi aṣọ mẹ́ta wé ọmọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn kú ewu ọmọ ló ń sọ fún pé, “Ẹ má bẹ̀rù. A ti fi òtútù sílẹ̀ lórí òkè.” Àwọn kan wà ládùúgbò tó ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bí èyí náà bá tún lọ, a jẹ́ pé àbíkú ni Rísíkàt ń bí. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí Rísíkàt. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ọmọ kúrò níwájú òun.

Iṣẹ́ ọmọ wíwẹ̀, ti ìyá àgbà ni. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Sẹ̀kínátù ń jókòó sórí àpótí, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, tí yóò bomi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, tí yóò fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú pa á lára, tí yóò na apá, tí yóò na ẹsẹ̀. Bí ó bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, yóò fi ẹnu bo imú rẹ̀, yóò fa ikun inú rẹ̀ jáde, yóò tu ú dànù, kí ọmọ lè mí kí ó sì lè mu ọmú. Bí wọ́n ti ṣe fún un nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bí ó ti ṣe fún Rísíkàt nìyẹn. Ẹni tó bá ń kórìíra ikun ọmọ, kí ni ó fẹ́ fi ọmọ ṣe?

Ní ọjọ́rú, ó kù ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ó gun òkè lọ. Ìyá arúgbó kan wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sín, imú rẹ̀ ń dà ṣooro. Ó fi ìka họ imú, ó fi ìka náà bu iyọ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní kò dùn tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún ti ìka náà bọ inú igbá, ó tún lá a. Bí wọ́n ti ń rajà nìyẹn, ta ló ń ra iyọ̀ láìtọ́ ọ wò? Sẹ̀kínátù náà bu tirẹ̀ nínú igbá kan náà, ó lá a, ó ní, “Ìyá, èyí gan-an ni ojúlówó!” Ìyá náà rà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n túká.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jimọ̀ mọ́, ọ̀nà ọ̀fun ń rin ín. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní “Alihamudulilahi” lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀fìnkìn lásán, ta ni ọ̀fìnkìn ń dá dúró? Ó fun imú sí etí ìró rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun Àsúbà. Ẹni tó bá ti fi omi fọ ọwọ́, tó fọ ẹnu, tó fọ imú níwájú Ọlọ́run, ó ti mọ́, bí ó ti mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wẹ ọmọ, ó fi ẹnu fa imú rẹ̀, ó fi etí ìró yẹn nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jimọ̀ ni Yésúfù wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Sàláhúdéènì ni Yésúfù. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn dókítà ní Oǹdó, òun ló ń fọ egbò tó sì ń dì í fún aláìsàn. Dírẹ́sà ni wọ́n ń pè é.

“Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá. Ọlọ́run á dá a sí fún wa.”

“Àmín, ọmọ mi. Wọlé wá gbé ọmọ àbúrò rẹ.”

“Ẹ fún mi ní omi àti ọṣẹ ná.”

Ó fọ ọwọ́ títí Sẹ̀kínátù fi rò pé awọ fẹ́ bó. Síbẹ̀ kò gbé ọmọ. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí, ó na ọrùn wò ó, ó ṣàdúrà, ó padà sẹ́yìn.

“Ojú ti rí i, Ìyá. Àárín àwọn aláìsàn ni mo wà títí di àná. Mi ò fẹ́ gbé nǹkan kan wá fún un.”

Ẹ̀rín pa Sẹ̀kínátù. Níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti sín. Yésúfù sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

“Ọ̀fìnkìn ń bá yín jà?”

“Atẹ́gùn òkè ni. Mo gun òkè lọ́jọ́rú. Ìwọ náà ṣáà mọ òtútù ibẹ̀.”

“Òtútù kọ́, Ìyá.”

“Kí ni òtútù kọ́?”

“Kì í ṣe òtútù ní ń fúnni ní ọ̀fìnkìn. Ènìyàn ní ń kó o ran ènìyàn. Kòkòrò kan ni, ojú lásán kò lè rí i. Inú ikun àti itọ́ ló ń gbé. Bí ẹni tó ní in bá sín, á fò sára ẹlòmíràn. Bí ó bá fọwọ́ nu imú, tó fi ọwọ́ náà di nǹkan mú, tí ẹ̀yin wá dì í mú, tí ẹ sì fọwọ́ kan ẹnu tàbí imú yín, ó ti di tiyín.”

“Yésúfù, òyìnbó ti ba orí rẹ jẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni gbogbo ayé ń sín?”

“Ìgbà ọyẹ́ kọ́ ni gbogbo ayé ń sá sínú yàrá kan, tí wọ́n ń ti fèrèsé, tí wọ́n ń yí iná po? Ẹnìkan á sín, gbogbo ilé á gbà á. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ tuntun kì í jáde lọ wá ọ̀fìnkìn níta, Ìyá. Ẹni tó gbé e ló gbé e fún un.”

Yésúfù kò mọ ohun tó sọ. Oǹdó ló wà nígbà tí Lásísì kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Sẹ̀kínátù. Ó rí ara rẹ̀ lórí òkè lọ́dún tó kọjá, lórí àpótí, pẹ̀lú ọmọkùnrin náà lórí itan. Ó rántí pé imú òun ń dà nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán kan fi já sí ọmọ náà níwájú orí, tí òun fi ọwọ́ nù ún, tí òun rẹ́rìn-ín. Ó rántí pé òun fi ẹnu fa imú rẹ̀ láàárọ̀, òun tún fà á nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta ni imú ọmọ dí.

“Bí ẹni tó ní in bá fi ẹnu fa imú ọmọ ńkọ́?” Ohùn rẹ̀ kéré.

“Háà! Ìyẹn kúkú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí i nímú.”

“Ọjọ́ mélòó ni yóò fi hàn?”

“Nígbà mìíràn ọjọ́ kan, nígbà mìíràn mẹ́ta.”

“Kí ni oògùn rẹ̀?”

“Kò ní oògùn, Ìyá. Lára àgbà, á wá, á lọ. Ara ọmọ tuntun ló ti ń di òtútù àyà nígbà mìíràn. Kí ẹni tó bá ní in jìnnà sí ọmọ, kí ó máa fọ ọwọ́, kí ó ní ife tirẹ̀. Kí ẹ ṣí fèrèsé yẹn, kí ẹ gbé iná yẹn jáde, èéfín ń dí i lọ́wọ́ láti mí. Bí imú rẹ̀ bá dí, kí ìyá rẹ̀ kán omi ọmú sí i, kí ó gbé e nàró, kí ó má ṣe yéé fún un lọ́mú. Bí ó bá wá ń mí léraléra tí ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú, tàbí tó kọ ọmú, ẹ má dúró wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e wá sí Oǹdó.”

Nígbà tí Yésúfù lọ, Sẹ̀kínátù jókòó sí ibi tó wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í, kò mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ àgbà gan-an ló wá wọ́ ti èyí, àgbà kò sì mọ̀.

Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ní òun kò ní fọwọ́ kan Àwáwù mọ́, wọn yóò bi í léèrè ìdí. Bí ó bá sọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Lásísì yóò yọrí. Nítorí náà ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Àìníà, ìyàwó kejì ọkọ rẹ̀, ó ní kí ó máa wẹ ọmọ. Ó gbé ìkòkò iná jáde. Ó fi àáké yọ pákó lójú fèrèsé. Ó mú abọ́ kan, ó mú ife kan, ó ní tòun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi jẹun, kí ẹnikẹ́ni má fi mumi. Ó fa aṣọ àlòkù ya wẹ́wẹ́ tí yóò máa fun imú sí, ó sì ń jó wọn níná lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé dàrú. Nínú ilé tí gbogbo obìnrin ti ń jẹun nínú abọ́ kan, ẹni tó bá ya abọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ìjà ló ń wá. Àìníà kò sì ṣe é fi ṣeré.

“Ìyálé mi,” ni ó wí, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. “Ọdún kẹwàá rèé tí a ti jọ ń jẹun. Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá rí májèlé lọ́wọ́ mi.”

“Ta ló ń sọ ti májèlé? Ọ̀fìnkìn ń bá mi jà.”

“Ọ̀fìnkìn! Ọ̀fìnkìn ló pín abọ́?”

Sàláhúdéènì tirẹ̀ dúró níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí. “Ìyá Rísíkàt, ṣé o fẹ́ kí òtútù tún wọlé wá bá èyí ni? Kí ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe?”

“Bàbá Rísíkàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó ṣí sílẹ̀. Yésúfù ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Yésúfù! Ọmọ tí mo kọ́ ní alífà bá!”

Ó pa fèrèsé dé. Nígbà tó lọ sí ìsọ̀, Sẹ̀kínátù tún un ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, òun a ṣí i, bàbá a tì í, títí ó fi sú bàbá. Àwọn àlejò tó wá kí ọmọ, ìta gbangba ni ó ń dá wọn dúró sí, ó ń ní kí wọ́n fọ ọwọ́. Àwọn kan fọ̀ ọ́, àwọn kan bínú lọ. Ọ̀rọ̀ jáde ládùúgbò pé ìyá oníyọ̀ ti ń gbéra ga. Kò ní agbára láti bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ó ń sín, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń ka ọjọ́.

Ṣàtídé kọjá, ọmọ ń mu ọmú. Sọ́ńdè kọjá, ó ń mu ọmú. Sẹ̀kínátù ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi gèlè bo imú, ó ń gbọ́ bí ọmọ ti ń gbé e mì, ó ń dúpẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbà tó bá gbé e mì. Rísíkàt ń wò ó láti inú yàrá. Ojú tó fi ń wo ìyá rẹ̀ kò dùn mọ́.

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè ni Àwáwù sín. Lẹ́yìn náà ó tún sín. Kí ó tó di ìrun Àsárì, imú rẹ̀ ti dí. Bí ó bá dì mọ́ ọmú, á fi í sílẹ̀, á ké, á tún dì mọ́ ọn. Rísíkàt gbé e jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá, imú rẹ̀ dí. Ẹ bá mi fà á.”

Sẹ̀kínátù dìde, ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. “Má gbé e súnmọ́ mi.”

“Kí ni mo ṣe fún yín?” Rísíkàt bú sẹ́kún. “Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹ kò fọwọ́ kàn án. Lásísì, ẹ gbé e títí ó fi kú. Èyí ńkọ́? Àbí ẹ̀yin náà ti gbà pé àbíkú ni? Àbí ẹ ti rí i pé yóò lọ, ẹ kò fẹ́ kí ọkàn yín fà mọ́ ọn?”

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Sẹ̀kínátù ń sunkún, ó sì rí i kedere pé kò sí ibi tí òun tún lè sá sí.

“Èmi ni mo pa Lásísì,” ni ó wí.

Rísíkàt fa ọmọ mọ́ àyà.

“Kì í ṣe òtútù. Ọ̀fìnkìn wà lára mi nígbà náà, mo sì ń fi ẹnu fa imú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jimọ̀ yìí náà, kí Yésúfù tó là mí lójú, mo ti fa ti èyí. Ohun tó wà nímú rẹ̀ yẹn, tèmi ni. Bí mo bá tún fi ẹnu kàn án, màá tún fi kún un. Ìdí tí mo fi sá nìyẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ẹ.”

Ọmọ ń ké lápá ìyá rẹ̀. Rísíkàt wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó wọ yàrá lọ.

Sẹ̀kínátù dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. “Kán omi ọmú sí imú rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Gbé e nàró. Lọ́ aṣọ mímọ́ ṣóńṣó, kí o fi nu ẹnu imú, má tì í wọnú. Ó yá, fún un lọ́mú.” Láìpẹ́, igbe ọmọ rọlẹ̀, ó sì gbọ́ tí ó ń fa ọmú, tí ó ń sinmi, tí ó tún ń fà á.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe èyí. Àìníà, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ń fọ aṣọ, ó ń gbé oúnjẹ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú abọ́ tí ìyálé rẹ̀ yà sọ́tọ̀, kò sì sọ ti májèlé mọ́. Rísíkàt ń ṣe gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ láti ẹnu ọ̀nà, kò dá a lóhùn, kò wo ojú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ọmọ ń mí léraléra díẹ̀, Sẹ̀kínátù sì di ẹrù Oǹdó sílẹ̀, ó ní kí Sàláhúdéènì wá alùpùpù tàbí ọkọ̀ ẹrù, ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀. Wọ́n ṣí aṣọ àyà ọmọ, wọ́n wo ìhà rẹ̀ pẹ́. Kò jìn wọnú. Ó sì gba ọmú. Wọ́n dúró.

Ní òwúrọ̀ Ṣàtídé, imú Àwáwù là. Ó mu ọmú àkọ́kọ́ tán, ó ké fún èkejì, ó mu ìyẹn náà, ó sùn, ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ti kúrò lára Sẹ̀kínátù láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì wọ yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló wà, ó gbé orí lé orúnkún. Gbogbo ara ló ń dùn ún.

Rísíkàt jáde wá, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó tì í.

“Ìyá, mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà ọyẹ́ yẹn, lórí òkè, èmi náà ń sín. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń fún un lọ́mú. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo kó o ràn án, kì í ṣe ẹ̀yin.”

Sẹ̀kínátù gbé orí sókè. Irọ́ ni. Òun ló tọ́jú Rísíkàt lórí òkè, òun ló ń gbé oúnjẹ fún un, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Rísíkàt kò sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà náà; òun tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà yẹn pé ọ̀fìnkìn mú gbogbo ilé, ó fi abiyamọ sílẹ̀. Rísíkàt náà sì mọ̀. Ojú ilẹ̀ ló ń wò bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ó wá sí Sẹ̀kínátù lẹ́nu láti ní, má purọ́ nítorí mi. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́. Ó sì rí ohun tí irọ́ náà ná ọmọ rẹ̀ láti sọ.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí.

Rísíkàt gbé Àwáwù lé e lọ́wọ́.